Ìbò Tí Mo Fi Du Ìyá Aláró

Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí kòkó ń gbẹ lórí ẹní.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àdùkẹ́, ọmọ tí ó kọ́ bàbá rẹ̀ ní èdè,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kọ́kọ́ kà á lórí ìdúró, mo tún kà á lórí ìjókòó. Inú mi dùn pé ilé ẹ̀kọ́ ti gbà ọ́ ní olùkọ́, inú mi sì tún dùn sí i pé wọ́n yàn ọ́ ní akọ̀wé ìbò fún Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbẹ̀ tí o ń gbé. Nígbà tí mo kà á sókè fún ìyá rẹ, ó jó láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ wò ó! Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ni àwọn olóyè yóò máa dárúkọ fún!"

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí àwọn ènìyàn máa ń kọ "ó dàbọ̀" sí, o ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bí ẹni tí kò kà á sí. O ní ìyá arúgbó kan wà ní ilé kejì sí tìrẹ, tí ń pa aṣọ láró. O ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbò, ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ fún un pé ìwọ ni yóò jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "N kò ní wá, ọmọ mi. Ọwọ́ mi kò mọ́." O wá bi mí pé, "Bàámi, ẹ̀yin náà ti ṣe akọ̀wé ìbò níbí rí. Kí ni ìyá yìí ń sọ?"

Àdùkẹ́, mo mọ ohun tí ó ń sọ. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ń wo ìkùukùu bó ti ń gun orí òkè, tí mo ń wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn kòkó tí ń gbẹ máa ń mú ọkàn mi rìn jìnnà. Ìyá rẹ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní, "Bàbá Mojí, ṣé ẹ̀ ń kọ̀wé ni tàbí ẹ̀ ń sùn?" Nígbà kejì kò bi mí mọ́, ó kàn gbé omi kalẹ̀. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, láìsá sínú Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọ̀nà bá ti le. Wàá mọ ìdí rẹ̀ níwájú. Mú pẹ́ńsù pupa rẹ, èyí tí o máa ń fi tún lẹ́tà mi ṣe, kí o fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò nígbà tí mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, mo rò pé ọdún mẹ́rin ni n ó lò. Ogun dé sójú òkun, ó di ọdún méjìlá. N kò rí ọmọ Yorùbá kan bá sọ̀rọ̀ níbi tí mo wà. Èdè kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ mi. Ó máa ń lọ bí aró ṣe ń ṣí lára aṣọ tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó wọ aṣọ náà kì í rí i. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo pàdánù ni ìrì. Mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí omi wínniwínni lórí koríko, mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ fún ara mi, kò wá. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi lá ohun tí mo ń wá orúkọ rẹ̀ gbẹ.

Iṣẹ́ tí mo fi ń ran ara mi lọ́wọ́ nílé ìwé ni pé mo ń ṣe àdàkọ àwọn ìwé àtijọ́ tí ọ̀rinrin fẹ́ bà jẹ́. Ìwé ìbò ni wọ́n, ti ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Fàjíníà. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ ọmọ tuntun ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan àwọn ènìyàn lọ sí Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin. Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í fi ìwé dìbò níbẹ̀ nígbà náà? Ohùn ni. Ọkùnrin tó bá ní ilẹ̀ yóò gun ẹṣin wá sí ilé ẹjọ́, yóò dúró níwájú tábìlì. Wọn yóò bi í pé ta ni ó fẹ́, òun náà yóò sì pe orúkọ ẹni náà sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀ lè jókòó níbẹ̀ gan-an. Bí ó bá wà níbẹ̀, yóò dìde, yóò tẹrí ba, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbò kan, ìdìde kan, ọpẹ́ kan. Ẹni tó tẹ̀ lé e á bọ́ síwájú.

Ní ọ̀sán ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín bá ń bọ́ lójú fèrèsé bí òwú àràbà, àwọn orúkọ inú ìwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún mi. Mo máa ń gbọ́ pátákò ẹṣin. Mo máa ń gbọ́ ọkùnrin tó ń wúkọ́ kí ó tó sọ ẹni tí ó fẹ́. Èmi tí mo ti sọ ohùn ara mi nù, mo jókòó sáàárín ohùn àwọn òkú, mo ń dà wọ́n kọ, mo sì fẹ́ràn wọn. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i lójú àlá pé ilé ẹjọ́ yẹn wà ní Ìbòkun nílẹ̀ wa, pé àwọn bàbá wa tí ń bọ̀ láti oko obì ni wọ́n tò sórí ìlà, tí olúkúlùkù ń dárúkọ ní èdè Ìjẹ̀ṣà.

Ọjọ́ kan ni mo bi bàbá arúgbó tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà pé, "Àwọn ènìyàn dúdú ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ ìbò yìí?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n wà níta, lẹ́bàá ọgbà. Wọ́n ń di ẹṣin mú."

Mo padà sínú ìwé, mo wá wọn láti ojú ewé kan dé èkejì. Kò sí orúkọ wọn. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo tún wá rí i pé ohùn tí mo fẹ́ràn yẹn, etí ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó yá oko lọ́wọ́ olówó, tí olówó náà jókòó síbẹ̀ tí ó ń wò ó, orúkọ ta ni yóò pè? Síbẹ̀ n kò yé fẹ́ràn wọn. Mo mú àlá náà bọ̀ wálé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ohùn ni ó yẹ kí a máa fi dìbò nílẹ̀ wa. Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. Ó ní, "Kí n dúró níwájú ìyá yín, kí n wá pe orúkọ ẹni tí wọn ò fẹ́? Bàbá Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìbò wà ní bíbò."

Ìwọ náà rántí ìgbà tí mo dé. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, o ń pè mí ní "sà" bí ẹni ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra igbá lọ́jà, tí mo ní kí wọ́n fún mi ní igba, tí obìnrin tó ń tà á bi mí pé "Igba kí ni?", ìwọ ni o fà mí lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. O rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ọjọ́ yẹn ni o kọ́kọ́ pè mí ní Bàámi. O jókòó tì mí pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa, o ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo tún èdè náà kọ́ kíákíá. Ìyẹn gan-an ni ó kó bá mi. Ẹni tó tètè kọ́ èdè máa ń rò pé òun ti gbọ́ ọ.

Fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so mọ́. Èdè tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyá mi ni èdè Ìjẹ̀ṣà ti ìhà Ìbòkun, èyí tí ẹnì kan ń jẹ́ ẹnì kan nínú rẹ̀. Bí ọmọdé bá pe àgbà ní "ìwọ" nínú rẹ̀, àgbà náà kò ní bínú. Àwọn ará Òṣogbo máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pe bàbá yín ní ìwọ!" Mo mọ̀ pé ní Òṣogbo, "ẹ" ni a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ṣòro. Èyí tí kò tíì wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi ni ìkejì rẹ̀: pé bí àgbà náà kò bá sí níbẹ̀, "wọ́n" ni òun nìkan ń jẹ́.

Abẹ́ igi ọ̀dán kan ní Òkè-Baálẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, ni a gbé tábìlì sí lọ́jọ́ ìbò tí mo ṣe, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé, nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Òṣogbo. Ìwé orúkọ kan, ìgò íǹkì kan. Ẹni tó bá wá yóò dárúkọ, n ó wá a, n ó fa ìlà síwájú rẹ̀. N ó fi íǹkì kan àtàǹpàkò rẹ̀ kí ó má bàa padà wá lẹ́ẹ̀kejì, n ó sì fún un ní ìwé pélébé tí yóò mú wọ yàrá níbi tí àwọn àpótí wà, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun tó ṣe. Íǹkì náà, àwọ̀ aró ni. Ẹni tó yan àwọ̀ yẹn kò dé Òṣogbo ìlú aró rí.

Láàárọ̀, èrò pọ̀ bí eéṣú. Lọ́sàn-án, ó rọ̀ díẹ̀, mo wá yẹ ìwé mi wò. Ní ilé Bàbá Làmídì, orúkọ méjì ni kò ní ìlà: ti bàbá náà fúnra rẹ̀, àti ti ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláró. Mo rántí pé mo rí bàbá yẹn láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé láti fa ìlà tirẹ̀. Ṣé mo gbàgbé ti ìyàwó pẹ̀lú ni? Bí mo ti ń rò ó, ìyàwó ọmọ wọn, ọmọbìnrin kan tí kò jù ọ́ lọ nísinsìnyí, dé láti wá dìbò tirẹ̀. Mo fi ìka méjì tẹ orúkọ méjèèjì, mo bi í pé:

"Bàbá Làmídì ńkọ́?"

"Wọ́n ti dìbò, sà. Àárọ̀ ni wọ́n ti wá."

Wọ́n. Ìka méjì, orúkọ méjì, wọ́n. Mo fa ìlà méjì. Inú mi dùn gan-an ni. Ìwé mi mọ́ tónítóní.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Ìyá Aláró dé. Ó wé gèlè funfun, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí eruku kan òun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ẹ bá mi wá orúkọ mi."

Mo wá a. Ìlà wà níwájú rẹ̀, ó ti gbẹ.

"Màmá, ẹ ti dìbò."

"Ta ló ti dìbò?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi wo? Èmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀ yìí?"

"Ó wà nínú ìwé, mà."

"Hẹn-ẹn. Á jẹ́ pé ìwé ló bá mi dì í. Ó kí mi kó tó máa lọ?"

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ni o! Wọn kì í fi èènì sí i!"

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti dúró. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti bi í pé, "Màmá, ta ló wà nílé? Ta ló ti wá, ta ni kò tíì wá?" Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Aró wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó wà nínú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún àti òsì.

Mo ní, "Àmì ìbò nìyí, mà."

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti tó ogójì ọdún tí ọwọ́ yìí ti rí báyìí. Ṣé láti ogójì ọdún ni mo ti ń dìbò?"

Ẹ̀rín yẹn, ọlọ́pàá pàápàá rín in. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ìtìjú gbá mi mú. Mojísọ́lá, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo dìde dúró, mo ka òfin fún ìyá yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo ti sunkún nítorí ìrì! Ó ń wo ẹnu mi títí mo fi parí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó yí padà. Gèlè funfun yẹn ni mo ń wò títí ó fi wọ kọ̀rọ̀ lọ.

A ti fi ìda di ẹnu àpótí tán nígbà tí ìyàwó ọmọ wọn sáré dé.

"Sà, kí ni ìyá wa ṣe tí ẹ fi dá wọn padà?"

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé wọ́n ti dìbò?"

"Bàbá ni mo ń wí, sà! Wọ́n kan ṣoṣo!"

"Ìyá ńkọ́ nígbà náà?"

"Ìyá náà, wọ́n ni! Wọ́n tiwọn yàtọ̀!" Ó gbé ọwọ́ lérí. "Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá wa kò ti kan aró, sà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn odò ni wọ́n fi ń ha ọwọ́ wọn, pé ọjọ́ ìbò ń bọ̀, àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ọwọ́ àwọn dọ̀tí."

Ọ̀gá tó ń bójú tó ìbò náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé kan dé èkejì, ó ń bi wá bóyá ìṣòro kankan wà. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Kò sí, sà."

Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, Àdùkẹ́. Àṣìgbọ́ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ pé kò sí nígbà tí ó wà, kò ṣì gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sí ilé náà láti jẹ́wọ́. Mo bá a nídìí ìkòkò aró. Ó kí mi dáadáa, bí ẹni pé n kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ti ìka bọ inú aró, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kò tíì dé, kò tíì lè mú aṣọ. Aró tí kò bá tíì dé, bí o bá takú pé ó ti dé, aṣọ ni yóò tú àṣírí rẹ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." N kò jẹ́wọ́ mọ́. Mo ra aṣọ aró kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ. Aṣọ tí o máa ń rí nísàlẹ̀ àpótí mi nìyẹn, tí ìyá rẹ máa ń bi mí pé fún ìgbà wo ni mo ń pa á mọ́. Bí mo ti ń jáde, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ẹ máa lọ dì í. Tèmi, ọwọ́ mi kò mọ́."

Nísinsìnyí tí ó kàn ọ́, gbọ́ ohun tí mo rí kọ́.

Èkíní, má fẹ́ràn ìwé tó mọ́ ju ènìyàn tó dúró níwájú rẹ lọ. Ìlà tí o bá gbàgbé láti fà, jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí o sọ pé o gbàgbé. Ìwé tó ní àléébù sàn ju èyí tó ń parọ́ lọ.

Èkejì, nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé "wọ́n", bi í pé, "Ta ni wọ́n?" Àwọn ará Òṣogbo yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ́, o kò gbọ́ èdè ọmọlúàbí. Jẹ́ kí wọ́n rín in. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀wọ̀ dára, ọmọ mi. Mo ti wá fẹ́ràn "wọ́n" yìí, pé ènìyàn kan lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nídìí ìwé ìbò, jẹ́ kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Ohun tí ó dára lọ́wọ́ àwọn ará Fàjíníà nìyẹn, mo sì rò pé òun nìkan ni ó yẹ kí a yá lọ́wọ́ wọn. Kí ó dárúkọ ara rẹ̀ sókè. Ẹni tí ó fẹ́, kí ó fi bò, bí ìyá rẹ ti wí.

Ẹ̀kẹta: bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, má dìde. Jókòó. Ìdìde tí mo dìde lọ́jọ́ náà ni ó pa mí. Má sì sá lọ sínú èdè tí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ kò gbọ́. Ẹyin lohùn, ọmọ mi; n kò ju tèmi sílẹ̀ lásán, orí ẹlòmíràn ni mo jù ú sí.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń pè mí pé òjò ń ṣú, kí n wá bá a kó kòkó. Bóyá òun ni ẹ̀kẹrin: bí ó bá kù díẹ̀ kí òjò rọ̀, má ṣe jókòó máa kọ̀wé.

Mo ti padà dé. Òjò kò rọ̀. Orí òkè ni ó gbà lọ.

Mo ń rò ó bí mo ti ń kó ẹní, pé ṣé kí n ní kí o bá mi bẹ Ìyá Aláró. Bí o bá bẹ̀ ẹ́, yóò gbọ́. Ìwọ ni ọmọ àdúgbò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá rán ọ, mo tún ti fi ẹlòmíràn fa ìlà tèmi nìyẹn. Nítorí náà, má sọ nǹkan kan fún un. Mò ń bọ̀. N ó wọ ọkọ̀ kòkó lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbò, n ó sì wọ aṣọ aró yẹn. O mọ̀ pé n kò fọ̀ ọ́ rí. Aró rẹ̀ yóò ṣí sí mi lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. N ó dọ̀bálẹ̀ nídìí ìkòkò rẹ̀, n ó sì sọ fún un ní Yorùbá pé, "Màmá, ọwọ́ yín mọ́. Tèmi ni kò mọ́." Bí ó bá ní kí n dìde, n ó dìde. Bí ó bá ní kí n máa lọ, n ó máa lọ, n kò sì ní fi ìyẹn bínú sí i. Àwọn àgbà ní aṣọ funfun ní ń sunkún aró, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ń sunkún èkejì tantantan. Ìbò àkọ́kọ́ yẹn ti ń sunkún èkejì láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ ìbò, n kò ní sún mọ́ tábìlì rẹ. N ó dúró níta lẹ́bàá ọgbà, irú ibi tí àwọn kan ti di ẹṣin mú rí ní Fàjíníà. Bí Ìyá Aláró kò bá wá, kò wá. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá rí gèlè funfun tó ń bọ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán, jẹ́ kí ó dárúkọ. Má wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kí o wò. Nígbà tí o bá fi íǹkì kàn án ní àtàǹpàkò, ẹnikẹ́ni kò ní rí àmì náà láàárín gbogbo aró yẹn. Èmi tí mo wà níta kò ní rí i. Ìwọ nìkan ni yóò mọ̀, ìwọ àti ìlà kan ṣoṣo níwájú orúkọ kan ṣoṣo.

Fa ìlà náà. Lẹ́yìn náà ni kí o wá dìde, ọmọ mi, kí o kúnlẹ̀, kí o sọ pé, "Ẹ ṣeun, mà." Kí o sì ṣe é fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

Kí ìrì má ṣe tán lórí koríko ilé rẹ. (Ṣé o rí i? Mo ti rí ọ̀rọ̀ náà padà.)

Èmi ni, bàbá rẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ ti funfun jù láti ìgbà yẹn.

Mo tún rántí: bí o bá wá mú pẹ́ńsù pupa rẹ, tún gbogbo àmì tí mo ṣì ṣe. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí o bá ti rí "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí, dúró díẹ̀ kí o tó kọjá.